Ó Ha Yẹ Kí Ìjọba Bá Ọ̀gá San Owó Òṣìṣẹ́ Bí?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ọ̀rọ̀ owó oṣù kò kan ẹlòmíràn lẹ́yìn ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá ni ó gba ènìyàn síṣẹ́, òun ni kí ó sanwó. Bí kò bá lè san án mọ́, kí ó yọ ọ́ níṣẹ́. Nígbà tí nǹkan bá rọgbọ, òtítọ́ ni èyí. Ṣùgbọ́n ìyọnu mìíràn a máa dé tí kì í ṣe ẹ̀bi ọ̀gá, tí kì í sì í ṣe ẹ̀bi òṣìṣẹ́. Òjò a sì pa adìyẹ pọ̀ mọ́ ẹyẹlé. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, èrò tèmi ni pé ó tọ́ kí ìjọba bá wọn san nínú owó oṣù náà.

Ẹ jẹ́ kí a gbé e yẹ̀ wò. Ká ní ilé búrẹ́dì kan wà ní Ìjerò-Èkìtì, tí ó ní òṣìṣẹ́ méjìlá. Ọjà kò tà fún oṣù mẹ́ta, ọ̀gá sì lé mẹ́jọ lọ. Ẹni tí ó mọ ìyẹ̀fun í pò, àti ẹni tí ó mọ bí ààrò ti í gbóná tó kí búrẹ́dì tó jinná, ti gba Èkó lọ. Nígbà tí ọjà bá padà dé, ta ni yóò ṣe iṣẹ́ náà? Owó oṣù mẹ́ta kò tó ohun tí ìlú pàdánù.

Àpẹẹrẹ kò jìnnà sí wa. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà mú kí a ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ni kò rí owó oṣù gbà. Ní ọdún náà ni Ìjọba Àpapọ̀ dá ètò ìrànwọ́ tí a ń pè ní Survival Fund sílẹ̀. Lára rẹ̀ ni owó oṣù mẹ́ta fún òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kéékèèké, láti 30,000 náírà dé 50,000 náírà lóṣù. Ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà san tó ìdá 80 nínú 100 owó òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Ní ọdún 2021, Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ètò kalẹ̀ láti fi 4,000 akẹ́kọ̀ọ́jáde tí kò níṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà, kí ìjọba sì máa fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 40,000 náírà lóṣù.

Alátakò yóò wí pé ọ̀gá oníwọra ni yóò kó owó ìlú sápò. Ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe lásán, nítorí orúkọ òṣìṣẹ́ tí kò sí láyé kò ṣàjèjì ní ilẹ̀ wa. Ìdí nìyí tí owó náà fi gbọdọ̀ wọ àkáǹtì òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀gá tí ó bá sì gba ìrànwọ́, tí ó tún lé òṣìṣẹ́, kí ó dá owó náà padà. Ó sì gbọdọ̀ ní òpin: ọ̀pá ni ìrànwọ́ jẹ́ fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, bí ẹsẹ̀ bá san, kí a gbé ọ̀pá sílẹ̀.

Ohun tí ó ká mi lára jù ni àwọn tí ètò náà fò dá. Ilé iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba ni ó lè gba owó oṣù ti ọdún 2020 náà. Ṣùgbọ́n ní Arámọkọ, ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti káàkiri ìhà ibí, iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù ni ti aránṣọ tí ó ní òṣìṣẹ́ méjì, tàbí káfíńtà tí ó ní mẹ́ta, tí kò sí nínú ìwé kankan. 30,000 náírà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a yà sọ́tọ̀ fún oníṣẹ́ ọwọ́, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ó kàn.

Nítorí náà, kí ìjọba ìbílẹ̀ àti ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ nísinsìnyí tí ara tutù. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, lára yín ni ọ̀gá ọ̀la yóò ti jáde, lára yín ni òṣìṣẹ́ yóò ti jáde pẹ̀lú. Ẹ má ṣe gbàgbé pé ìlú tí ó bá jẹ́ kí ọwọ́ tí ó mọṣẹ́ fọ́nká nígbà ìpọ́njú, òun náà ni yóò wá wọn tì nígbà ìrọ̀rùn.