Asọ̀rọ̀mágbèsì Tí Ń Gbèsì

Ọ̀rọ̀ tí mo ní í bá yín sọ kò gùn, ṣùgbọ́n ó kan gbogbo ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ lábẹ́ ibùsùn.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni iléeṣẹ́ Microsoft fi òpin sí ìtọ́jú tí ó ń ṣe fún Windows 10. Báyìí ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká tí kò lè gba Windows 11 ṣe di ẹrù tí àwọn tí ó ni wọ́n fẹ́ dà nù. A kúkú mọ ibi tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gúnlẹ̀ sí. A ó kó o sínú ọkọ̀ ojú omi, a ó pè é ní tòkunbọ̀, yóò sì dé Èkó. Èyí tí kò bá ṣiṣẹ́ mọ́ yóò bọ́ sórí ààtàn, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń sun wáyà nítorí kọ́pà inú rẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ju tirẹ̀ nù, kí ó kọ́kọ́ fi kọ́ iṣẹ́ rédíò.

Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn baba wa pe rédíò, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀ títí, kò sì gba èsì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n rédíò kan wà tí ń gbèsì. Òun ni èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní amateur radio. Ẹni tí ó ti yege nínú ìdánwò, tí ìjọba sì ti fún ní ìwé àṣẹ, yóò máa ti ilé rẹ̀ bá ẹlòmíràn tí ó ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ ní àdúgbò, ìbáà jẹ́ ní òpin ayé. Kò gbọdọ̀ fi ṣòwò.

Nígbà kan, olówó ni ó lè ra ẹ̀rọ tí a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọdún 2012 ni nǹkan yí padà. Ó hàn sí gbogbo ayé nígbà náà pé ẹ̀rọ kékeré kan tí a ń kì bọ ihò USB láti fi wo tẹlifíṣọ̀n, èyí tí RTL2832U wà nínú rẹ̀, lè sọ ìgbì rédíò di òǹkà, kí ó sì kó o fún kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tí wáyà wíwé àti kọ́ńdẹ́ńsà ń ṣe nínú rédíò àtijọ́ wá di ìṣirò. Kọ̀ǹpútà ni yóò ṣa ìgbì tí a fẹ́, òun ni yóò sẹ́ ariwo kúrò bí ẹni ń sẹ́ ògì, òun náà ni yóò sì sọ ọ́ di ohùn. Ohun tí wọ́n ń pè ní software-defined radio nìyẹn. Owó ẹ̀rọ náà kò ju nǹkan bí £40 lọ.

Àwọn kan yóò wí pé kọ̀ǹpútà àwọn ti gbó jù. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ẹ̀rọ yìí bá ń wọn ìgbì ní ìgbà 2,400,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ó sì ń gbé báìtì 2 wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, báìtì 4,800,000 ni kọ̀ǹpútà yóò máa gbà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹrù yìí lè wúwo fún kọ̀ǹpútà ọlọ́dún méjìlá. Ṣùgbọ́n ta ni ó ní kí a wọ̀n ọ́n tó bẹ́ẹ̀? Bí a bá dín in kù sí 240,000, ẹrù náà yóò di ìdá kan nínú mẹ́wàá, ó sì tó láti gbọ́ iléeṣẹ́ FM kan ketekete. Ẹ yọ Windows kúrò, ẹ fi Linux tí kò wúwo sí i, irú Lubuntu, kí ẹ sì fi Gqrx, tí a kò ní fi kọ́bọ̀ rà, gbọ́ ọ. Bí àwòrán ìgbì tí ń ṣàn lójú kọ̀ǹpútà bá ń dá a dúró, ẹ dín eré rẹ̀ kù, tàbí kí ẹ lo rtl_fm tí kò ní àwòrán rárá. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lágbára kì í bi ara rẹ̀ léèrè pé mélòó ni òun nílò. Ẹni tí tirẹ̀ gbó ni ìṣirò ń yé.

Ohun tí a lè gbọ́ pọ̀. Wáyà tí gígùn rẹ̀ tó 50 sẹ̀ǹtímítà lè jẹ́ áńtẹ́nà fún 145.800 megahertz, níbi tí àwọn tí ń gbé inú ISS lójú òfuurufú ti máa ń bá àwọn ọmọ iléèwé sọ̀rọ̀. Èyí tí ó wù mí jù ni QO-100. Orí sátẹ́láìtì Es'hail-2 ti ilẹ̀ Qatar ni ó wà, èyí tí a fi ránṣẹ́ sókè ní ọdún 2018. Ojú kan ni ó dúró sí tọ̀sántòru, ó ń wo ayé láti Brazil títí dé Thailand. Ẹni tí ó wà ní London, ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn àti ẹni tí ó wà ní Bahia lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Díìṣì tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú LNB tí a fún ní iná ti tó: LNB yóò sọ 10,489.5 megahertz di 739.5, ẹ̀rọ kékeré wa yóò sì gbà á.

Gbígbọ́ nìkan ni iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí, kò lè sọ̀rọ̀. Níhìn-ín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a kò nílò ìwé àṣẹ láti gbọ́ àwọn amateur. Ẹni tí ó bá fẹ́ fèsì ni yóò ṣe ìdánwò Foundation tí RSGB ń ṣètò, kí Ofcom tó fún un ní ìwé àṣẹ. Láti ọdún 2024, ẹni tí ó ní ìwé yìí lè lo wáàtì 25 lórí ọ̀pọ̀ ìgbì. Ní Nàìjíríà, NCC ni ó ń fúnni ní àṣẹ, 5N ni a sì fi mọ ìpè tiwa.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò béèrè pé, “Kí ni a fẹ́ fi èyí ṣe nígbà tí WhatsApp wà?” Kí olúwarẹ̀ rántí ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024. Okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun bàjẹ́ ní ìtòsí Côte d'Ivoire. WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne ni ó kàn, ìdààmú sì bá báǹkì àti tẹlifóònù ní Nàìjíríà. N kò wí pé amateur radio yóò rọ́pò báǹkì. Ohun tí mo ń wí ni pé ìlú tí kò ní ẹni tí ó mọ bí ìgbì ṣe ń rìn, okùn ẹlòmíràn ni yóò máa dì mú títí. Ọ̀pọ̀ nínú wa sì ń gba oyè ìmọ̀ ẹ̀rọ níhìn-ín láìtíì fi ọwọ́ ara wa mú ìgbì kan ṣoṣo rí.

Nítorí náà, mo dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ wa kó kọ̀ǹpútà àtijọ́ jọ, kí a tún wọn ṣe, kí a dá owó ra ẹ̀rọ bíi mẹ́ta, kí a sì máa pàdé láti gbọ́ ìgbì pọ̀. Kí ẹni tí ó bá yege ìdánwò kọ́ àwọn tí ó kù. Bí a bá sì fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí iléèwé nílé, kí ó jẹ́ èyí tí ó ń ṣiṣẹ́, kí ẹ̀rọ rédíò àti ìwé ìlànà lédè Yorùbá sì bá a lọ. Ohun tí a bá ní ni à ń náání.

Èrò tèmi nìyí. Ẹni tí kò bá gbà, tàbí tí ó ní àfikún, kí ó kọ̀wé sí olóòtú. Ire o.