Katakata Àtijọ́ Kò Nílò Ọ́tánétọ̀ Ńlá

Bí katakata yín bá jẹ́ Massey Ferguson 135 tàbí irú rẹ̀ tó ti pẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ dáínámò ló ṣì ń ṣáàjì bátìrì rẹ̀. Dáínámò kì í mú iná tó pọ̀ wá tí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra ṣiṣẹ́. Òjò á ti rọ̀, ilẹ̀ á máa dúró de ìtúlẹ̀, bátìrì ò ní lágbára láti jí ẹ́ńjìnnì. Mo fara mọ́ ọn pé kí ẹ fi ọ́tánétọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni bí a ṣe ń rà á.

Ní ọjà tòkunbọ̀, áńpì ńlá là ń wá kiri. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Iná iwájú méjì, wáàtì 55 ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 110. Ẹ fi fọ́ọ̀tì 12 pín in, kò pé áńpì 10. Tí ẹ bá fi iná ẹ̀yìn àti ṣáàjì bátìrì kún un, áńpì 35 sí 45 tó. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Tí bátìrì bá ti kú, ọ́tánétọ̀ alágbára áńpì 100 lè ti iná gba inú wáyà tín-ín-rín àtijọ́ débi tí wáyà á gbiná. Owó tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi ra wáyà tuntun tó nípọn.

Kí rẹ́wáyà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ẹnu bátìrì tí wọ́n so mọ́ irin ara katakata. Lára àwọn kan tó ti pẹ́, èyí tó ní àmì + ni. Ọ̀pọ̀ ọ́tánétọ̀ ń fẹ́ kó jẹ́ −. Tí wọn ò bá yí i padà, á jóná lójú ẹsẹ̀. Ẹ ra èyí tó ní règúlétọ̀ nínú, kí wọ́n sì yọ àpótí règúlétọ̀ dáínámò kúrò lójú ọ̀nà iná. Wáyà kékeré tó gba inú gílóòbù dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e: òun ló ń jí ọ̀pọ̀ ọ́tánétọ̀.

Èyí tó ń bí mi nínú jù: rẹ́wáyà á yọ ẹnu bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, pé òun ń wò ó bóyá ó ń ṣáàjì. Dáínámò lè fara da ìyẹn. Ọ́tánétọ̀ lè tibẹ̀ bàjẹ́. Ẹ má gbà á láyè. Ẹ fi mítà kan ẹnu bátìrì méjèèjì: tó bá wà láàárín fọ́ọ̀tì 13.8 sí 14.5, ó ń ṣáàjì. Mítà kékeré kò wọ́n tó ọ́tánétọ̀ kejì.