ÀYẸ̀WÒ KÌ Í ṢE ÀÌNÍGBÀGBỌ́

Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi.

Láti ìgbà tí mo ti kéde nínú ìjọ wa pé ẹni tó bá ti wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbọ́dọ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ fée kó tó forúkọ sílẹ̀ fún ètò ìdáǹdè, àwọn ojíṣẹ́ Ọlọ́run kan ò jẹ́ kí fóònù mi sinmi. Wọ́n ní mo ti sọ pẹpẹ di ọsibítù. Wọ́n ní ohun tí èèyàn bá fi ẹnu ara rẹ̀ pè ló ń di tirẹ̀, ká má jẹ́ kí dókítà fún àìsàn lórúkọ.

Ẹ gbọ́ ná. Kòkòrò ikọ́ fée ò dúró de ẹni tó máa pe orúkọ òun. Ẹ pè é ní májèlé o, ẹ pè é ní ọfà ọ̀tá o, inú ẹ̀dọ̀fóró ló wà, ibẹ̀ ló ti ń bí sí i. Tí ẹni tó ní in bá wúkọ́, tó bá kọrin, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ bá ẹlòmíì. Ẹ wá wo ìṣọ́ òru wa: a ti fèrèsé pa nítorí ẹ̀fọn àti ariwo jẹnẹrétọ̀, èrò kún fọ́fọ́, à ń kígbe Hallelujah títí ilẹ̀ fi mọ́. Ibi tí kòkòrò yìí ń wá gan-an nìyẹn! Ẹ̀yin tí ẹ ní ká má ṣàyẹ̀wò, ṣé ẹ̀yin lẹ máa tọ́jú àwọn ọmọ tó ń sùn lórí ẹní níwájú pẹpẹ?

Àwọn míì á ní, “Pásítọ̀, wọ́n ti yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò, wọn ò rí nǹkan kan.” Kí ni wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò? Kí ojú tó lè rí kòkòrò yìí nínú máíkírósíkóòpù, ó gbọ́dọ̀ tó bíi 10,000 nínú mìlílítà kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kan. Ẹ̀rọ GeneXpert, tí àjọ WHO fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, lè rí i kódà bí ò bá ju bíi 130 lọ. DNA kòkòrò náà ló ń wá. Wọ́n á po kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mọ́ oògùn kan, wọ́n á dà á sínú ike kékeré, ike á wọnú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ á tú kòkòrò náà palẹ̀, á mú ibì kan pàtó nínú DNA rẹ̀, á wá máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ bí ẹni ń ṣe fọ́tókọ́pì: ọ̀kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́jọ. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà 30, ẹyọ kan ti lé ní bílíọ̀nù kan. Ibo ló tún fẹ́ sá pamọ́ sí? Láàárín bíi wákàtí méjì, èsì ti dé. Èsì yẹn náà á sọ bóyá rifampicin, ọ̀kan nínú àwọn oògùn tó lágbára jù fún ikọ́ fée, ṣì lè pa á. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra omi ikọ́ lọ́wọ́ kẹ́mísìtì, ta ló máa sọ ìyẹn fún yín?

(Ẹni tó ní wọ́n fẹ́ fi jí DNA wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Ti kòkòrò nìkan ni ẹ̀rọ yẹn ń wá.)

Ẹ tún ní nǹkan ayé ni. Ta ló ni Fásitì Redeemer's ní Ẹdẹ? Ṣebí ìjọ Pẹ́ntíkọ́sì bíi tiwa ni! Ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi àtàwọn èèyàn rẹ̀ ti ka gbogbo àkọsílẹ̀ inú kòkòrò kòrónà tí wọ́n gbà lára ẹni àkọ́kọ́ tó ní in ní Nàìjíríà, lóṣù Kẹta ọdún 2020. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní 2014, irú àyẹ̀wò yìí ló jẹ́ ká mọ̀ pé Ebola ni. Èèyàn 20 ló kó o, 8 kú, ó sì dúró síbẹ̀. Ká ní wọ́n ti ní ká má fún un lórúkọ ńkọ́?

Ẹ ṣí Léfítíkù orí 13. Àlùfáà ń yẹ awọ ara wò, tí ò bá dá a lójú, á há ẹni náà mọ́ fún ọjọ́ méje, á tún yẹ̀ ẹ́ wò. Jésù tó lágbára láti wo adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá sàn, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yẹ ara wò yìí náà ló rán wọn lọ. Ẹ̀yin wá mọ ìgbàgbọ́ jù ú lọ?

Mi ò ní gba ẹ̀rí ìwòsàn ikọ́ fée mọ́ láìsí ìwé láti ilé ìwòsàn. Ẹni tó bá sì ń lo oògùn, ẹ lò ó tán, oṣù mẹ́fà ni fún ọ̀pọ̀ èèyàn. GeneXpert ṣì lè rí DNA kòkòrò tó ti kú, torí náà kọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́. Ẹ má torí ẹ̀ sọ pé oògùn ò jẹ́.

Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba tí wọ́n ti ń tọ́jú ikọ́ fée. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fẹ́ o, kì í ṣe itọ́. Láàárọ̀ kùtù, ẹ bọ́ síta gbangba, ẹ mí kanlẹ̀, ẹ wúkọ́ láti inú àyà, kí ẹ dé ike náà pinpin. Àwọn nọ́ọ̀sì inú ìjọ wa á wà lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Ẹni tí ojú bá ń tì, kó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, èmi fúnra mi á sìn ín lọ.