Ọkọ̀ Ló Ni, Kò Ni Ẹ̀mí Èrò

“Ọkọ̀ mi ni, mo lè ṣe é bó ti wù mí.” Irọ́ ni! Ọkọ̀ ló ni, kò ni ẹ̀mí èrò. Ẹni tí ó kan pákó gíga mọ́ etí ọkọ̀ kékeré, tí ó tún fi òrùlé lé e, ẹrù ni ó gbé sókè. Kò fi kún ìbú ọkọ̀. Bí ó bá fì, òkè yóò fà á dojú dé. Láyé ijọ́un, igbá ni a fi ń sọdá odò Ògùn. Òmùwẹ̀ sì mọ ìwọ̀n ohun tí igbá lè gbé. Ní Pàtígì, oṣù kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ tí èrò kún ju agbára rẹ̀ lọ dànù. Èèyàn tó lé ní 100 ni ó kú. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Ògùn, odò Ògùn tí a sé ní Ìkẹ́rẹ́ lẹ́bàá Ìsẹ́yìn ti di adágún ńlá. Ẹ má wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀fẹ́.