Rọ́bà Kékeré Tó Mú Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Dúró

Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí ọkọ̀ ilé wa ti ń sọ̀rọ̀. Bí a bá ń jáde ní ojúde, kì í wí nǹkan. Bí a bá kó sí kòtò àkọ́kọ́, yóò dáhùn "gbì". Bí a bá tẹ ìjánu, yóò dáhùn "kọ́", yóò sì yà díẹ̀ sí apá ọ̀tún bí ẹni tó rí ojúlùmọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Toyota Corolla ni, àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ṣe é, ó sì gba Kùtọnu wọlé bí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àlòkù tí a ń pè ní "venu de France", bó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú wọn kò fojú kan ilẹ̀ Faransé rí. Bàbá wa ló rà á. Ó fi kó iṣu láti Kétu lọ sí Àjàṣẹ́, ó fi gbé ìyàwó lọ sílé ọkọ, òun náà ni wọ́n sì fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ìgbà ìkẹyìn. Nítorí náà, nígbà tí ẹbí jókòó tí wọ́n ní kí a tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, ọ̀rọ̀ náà kò bá wa lára mu.

Owó ni wọ́n wò, wọn kò sì jẹ̀bi. Ní ọdún tó kọjá, a gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún ọkọ̀ ṣe, ó pààrọ̀ àwọn silentbloc iwájú, a sanwó, a dúpẹ́. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tí ariwo fi padà. Ọ̀gá náà ní ọjà ayédèrú ni, pé rọ́bà ayé ìsinsìnyí kò ní agbára mọ́. A gbà á gbọ́, nítorí kò sí ẹni tí ọjà ayédèrú kò tíì ṣe lọ́ṣẹ́ rí láàárín wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe rọ́bà ló jẹ̀bi. Bí a ṣe wá mọ èyí, àti bí àwa àti ọmọ àbúrò wa tó ń kọ́ iṣẹ́ mẹkaníìkì ní Àjàṣẹ́ ṣe tún un ṣe lábẹ́ igi máńgòrò ní àgbàlá ilé, ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lóṣù yìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí silentbloc jẹ́. Irin kan wà nísàlẹ̀ tó na ọwọ́ láti ara ọkọ̀ dé ìdí táyà. Àwọn oníṣẹ́ ń pè é ní triangle. Ibi tí irin yìí ti so mọ́ ara ọkọ̀ jẹ́ oríkèé. Bí irin bá ń fara gbo irin ní oríkèé yìí, gbogbo òkúta ojú ọ̀nà ni ìbá máa dé ọwọ́ awakọ̀, ariwo kò sì ní jẹ́ kí àwọn èrò gbọ́ ohùn ara wọn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fi rọ́bà sí i láàárín. Òrùka irin wà lóde, ọ̀pá irin kúkúrú tó dá ihò lu wà nínú, rọ́bà sì lẹ̀ mọ́ àwọn méjèèjì pinpin. Orúkọ ọjà ni silentbloc tẹ́lẹ̀ kí ó tó di ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn lẹ́nu àwọn tó ń sọ Faransé. Àwọn ìbátan wa ní apá Nàìjíríà ń pè é ní bọ́ọ̀ṣì.

Ẹ fi ọkàn sí gbólóhùn kan níhìn-ín: kò sí ohun tó ń yí gbirigbiri nínú silentbloc. Boulon tó gba inú ọ̀pá kúkúrú náà kọjá ń fún un mọ́ ara ọkọ̀ títí tí kò fi lè mira. Nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá gòkè tàbí tó bá sọ̀kalẹ̀, rọ́bà fúnra rẹ̀ ló ń lọ́, tó sì ń padà sí ipò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọrùn ènìyàn ṣe ń yí wo ọ̀tún àti òsì láìjẹ́ pé orí yọ kúrò lórí ọrùn. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Rọ́bà a máa gbó. Oòrùn, eruku, ọjọ́ orí, àti òróró tó ń kán sílẹ̀ láti ara ẹ́ńjìnnì a máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Lọ́nà tiwa, kòtò àti òkìtì tí wọ́n ń mọ sójú títì kí awakọ̀ má bàa sáré, èyí tí àwọn Faransé pè ní ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, tún ń dá kún un. Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ gba ilẹ̀ dúdú àwọn Ọ̀họ̀rí kọjá lẹ́yìn òjò, kí ó wọ ọ̀nà oko láti ibẹ̀, kò nílò àlàyé wa.

Bí ó bá gbó, ọkọ̀ yóò máa kan gbì-gbì nínú kòtò, yóò yà nígbà tí a bá tẹ ìjánu, ìdarí yóò máa rìn kiri lọ́wọ́ ẹni, etí táyà kan yóò sì jẹ ju èkejì lọ. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ariwo nìkan ra ọjà. Rotule tó ti gbó a máa dún bẹ́ẹ̀. Amortisseur tó ti kú àti biellette tó ti tú a máa dún bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí ọmọ wa ṣe nìyí: ó ti irin gbọọrọ kan bọ àárín triangle àti ara ọkọ̀, ó fi gbún un jẹ́jẹ́. Ó yẹ kí rọ́bà tó dára ta kò ó. Tiwa là bí ẹnu ọ̀nì, ọ̀pá inú rẹ̀ sì ń rìn sọ́tùn-ún sósì láìsí ohun tó mú un.

Kí a tó sọ nípa iṣẹ́, a ní láti sọ̀rọ̀ cric. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ojú wa ló ṣe nígbà tí cric yọ lábẹ́ ọkọ̀ kan ní ìta ilé alájọgbé wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti mu omi ni. Ife omi náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ balẹ̀. Láti ọjọ́ náà, a kì í fi orí tàbí àyà sábẹ́ ọkọ̀ tí cric nìkan gbé. Ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì le ni a lò; a fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn méjèèjì; a gbé ọkọ̀ ka orí chandelle méjì níbi tí ara ọkọ̀ ti le, a sì mì í pẹ̀lú ọwọ́ kí a tó wọ abẹ́ rẹ̀. Bíríkì kì í ṣe chandelle. Bíríkì a máa là láìkìlọ̀. Ẹni tí kò bá ní chandelle, kí ó yá a, tàbí kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹni tó ní in.

Ohun kan tún wà tí a ṣe kí a tó gbé ọkọ̀ sókè rárá. Ọmọ wa fi okùn ìwọ̀n wọn láti àárín táyà iwájú dé etí irin tó bo táyà náà lókè. Sẹ̀ntímítà 37 ni. Ó fi ẹfun kọ ọ́ sára ọkọ̀. A rò pé àṣà ilé-ẹ̀kọ́ lásán ni, a sì rẹ́rìn-ín.

Láti alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni a ti da òróró tó ń tú ìpẹtà sórí àwọn boulon, nítorí ìpẹtà ọdún méjì a máa dàbí irin jíjó. Ní òwúrọ̀ Sátidé, a tú táyà. Ní ara ọkọ̀ tiwa, boulon kan àti écrou méjì ló so rotule mọ́ triangle, a sì tú wọn láìjẹ́ pé a lu rotule fúnra rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ Peugeot, boulon kan ló fún ọ̀pá rotule mọ́ inú irin ìdí táyà, ìyẹn sì ń fẹ́ sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, a fi okùn so irin ìdí táyà mọ́ òkè, nítorí bí ó bá ṣubú síta, ó lè fa cardan yọ, iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta yóò sì di iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Àwọn boulon tó mú triangle mọ́ ara ọkọ̀ ló kù. Ọ̀kan jáde bí ọmọ rere. Èkejì gba wákàtí kan àti ìlàágùn wa.

Bí a ṣe ń yọ silentbloc àtijọ́ jáde ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba nǹkan jẹ́. Àwọn kan a máa dáná sun rọ́bà náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é: èéfín rẹ̀ burú fún ẹ̀dọ̀fóró, ìyá àti ọmọ tó wà ní àgbàlá ni yóò sì fà á símú. Àwọn mìíràn a máa fi òòlù lù ú títí ojú ihò triangle yóò fi wọ́. Ọ̀pá onírin tó ní ẹsẹ̀ ìdè gígùn ni a lò, pẹ̀lú écrou méjì, àwo irin tó nípọn, àti páìpù kúkúrú tó fẹ̀ ju silentbloc lọ díẹ̀. Páìpù wà ní apá kan, irin tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú òrùka òde wà ní apá kejì. Bí a ti ń yí écrou, bẹ́ẹ̀ ni silentbloc ń wọ inú páìpù lọ pẹ̀lú ìkérora. Ṣùgbọ́n kí a tó yọ ọ́, a fi ẹfun sàmì sí bí ó ṣe kọjú, nítorí silentbloc ẹ̀yìn ní àyè òfìfo nínú rọ́bà rẹ̀, ibi tí àyè náà kọjú sí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú ẹni. Bí ẹ bá yí i padà, ọkọ̀ kò ní gbọ́ràn.

A fọ ojú ihò náà mọ́, a fi omi ọṣẹ pa á, a kò fi òróró ẹ́ńjìnnì pa á nítorí ó ń jẹ rọ́bà. Àwọn tuntun ti sùn mọ́jú nínú ẹ̀rọ amóhuntutù kí irin wọn lè súnkì díẹ̀. Màmá wa rí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja, ó sì béèrè bóyá ọbẹ̀ ni a fẹ́ fi wọ́n sè.

Ibi tí a ti ń wo àwọn àtijọ́ lórí tábìlì ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Rọ́bà wọn kò gbẹ, kò sán, ó ṣì rọ̀ bí rọ́bà tuntun. Ṣùgbọ́n ó ti ya yíká ọ̀pá inú, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn sì gbà ya. Rọ́bà ayédèrú a máa fọ́ sí wẹ́wẹ́ láti ibi gbogbo. Èyí jẹ́ rọ́bà tí wọ́n lọ́ kọjá agbára rẹ̀.

A kò tíì lóye rẹ̀ títí a fi dá triangle padà sípò rẹ̀, tí a sì gbé clé gígùn láti fún boulon náà. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣì rọ̀ sísàlẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ọmọ wa na ọwọ́, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má tíì fún un."

Àlàyé rẹ̀ nìyí. Bí a bá fún boulon nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ rọ̀ sísàlẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pá inú yóò ti di mọ́ ara ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá wá balẹ̀, tí ẹsẹ̀ gòkè sí ipò rẹ̀ gan-an, rọ́bà ti lọ́ kí ìrìn tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Bí ọkọ̀ bá dúró, ó lọ́. Bí ọkọ̀ bá sùn, ó lọ́. Ó dà bí ẹni tó yí ọrùn sùn mọ́jú, tí a tún wá ní kó ru igi. Kòtò kọ̀ọ̀kan ń lọ́ ọ sí i, títí yóò fi ya. Oṣù mẹ́ta pọ̀ fún un.

Níbẹ̀ ni ìwọ̀n 37 ti wúlò. A fi cric gbé ìsàlẹ̀ triangle nítòsí rotule, jẹ́jẹ́, chandelle ṣì wà ní ipò wọn, títí àárín ìdí táyà àti etí irin òkè fi padà sí sẹ̀ntímítà 37. Ìgbà náà ni a tó fún boulon ní agbára tí ìwé olùṣe ọkọ̀ sọ, a fi clé dynamométrique wọ̀n ọ́n. Àwọn écrou tó ń ti ara wọn, tuntun ni a fi sí i. Lẹ́yìn náà ni apá kejì, nítorí a kì í pààrọ̀ apá kan ká fi èkejì sílẹ̀. A dá táyà padà, a fún écrou wọn ní N·m 103, a wakọ̀ rìn díẹ̀, a tún yẹ̀ wọ́n wò. Ní ọjọ́ Ajé, a gbé e lọ ṣe parallélisme, nítorí ẹsẹ̀ tí a bá ti tú kì í padà sójú kan náà pátápátá.

Àwọn kan yóò béèrè nípa àwọn silentbloc aláwọ̀ tí wọ́n fi polyuréthane ṣe. Wọ́n le, wọ́n ń pẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbé ariwo ojú ọ̀nà wọlé. Ti àlòkù tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó ti kú, kí ẹni tó ń tà á kọ́kọ́ sọ ọjọ́ orí rẹ̀.

A padà lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ọjọ́sí. A kò lọ bá a jà. A gbé àwọn rọ́bà tó ya náà lọ, ọmọ wa sì fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún un, ó kúnlẹ̀ kan nínú yẹ̀pẹ̀ bí ó ti ń ya àwòrán. Ọ̀gá náà dákẹ́ pẹ́. Ó ní bí ọ̀gá tòun ṣe kọ́ òun nìyẹn, pé inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti ń fún un láti ọjọ́ tí òun ti wà ní ọmọṣẹ́. Lẹ́yìn náà ó pe ọmọṣẹ́ rẹ̀ kan, ó ní kó lọ mú ẹfun wá.

Ọkọ̀ Bàbá wa ti lọ sí Kétu, ó sì ti dé, láìwí nǹkan nínú kòtò. Ẹbí kò tíì tún sọ̀rọ̀ títà rẹ̀. Àwọn silentbloc ẹ̀yìn ṣì kù. A ti dá ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ fún wọn.