A Kì Í Yá Ẹ̀rù Lò: Ìwé Ìbẹ̀rù fún Àsìkò Ọyẹ́

Ní oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ń múra ìdánwò BAC sílẹ̀ wá bá mi nígbà tí iṣẹ́ parí. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ìwé wo ni ẹ rò pé mo lè kà fún ìgbà ìwọ́wé?" Ó fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Faransé kan ló to orúkọ ìwé síbẹ̀: ìwé tó ń ba ni lẹ́rù, tó sì tún ń tu ni lára, tí wọ́n ní kí a máa kà lábẹ́ kúbùsù, pẹ̀lú tíì gbígbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti elégédé tí wọ́n gbẹ́ ojú àti eyín sí lára. Bí ọmọ náà ti ń sọ̀rọ̀ ló ń fi ìwé rẹ̀ fẹ́ ara. Òjò ìkẹyìn kò tíì dá, ooru mú, igi máńgòrò tó wà ní àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́ sì tutù yọ̀yọ̀.

Mo dárúkọ ìwé Maupassant kan fún un, ó dúpẹ́, ó lọ. Ṣùgbọ́n ìtìjú bá mi lójú ọ̀nà ilé. Ìwé tí mo dárúkọ kò burú. Ohun tó dùn mí ni pé ọmọ Kétu ni ọmọ náà, ọmọ Kétu ni èmi náà, Yorùbá la sì jọ ń sọ nígbà tí mo ń dá a lóhùn. Síbẹ̀ orúkọ ìwé Yorùbá kan ṣoṣo kò wá sí mi lẹ́nu. Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ìtìjú yẹn ló mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. A ní ìwé ẹ̀rù, a ní àsìkò rẹ̀, a sì ní àwọn tó yẹ kí a jọ kà á. Kí ló dé tí à ń yá gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn?

Kí n má ba à ṣe àìdáa sí ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tí àwọn ará Yúróòpù fi ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ìgbà ìwọ́wé. Lọ́dọ̀ wọn, bí oṣù kẹwàá bá ti ń parí lọ, ilẹ̀ a máa tètè ṣú, òtútù á dé, wọ́n á ti kórè tán, igi á wà ní ìhòòhò. Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ni àjọ̀dún gbogbo ẹni mímọ́, ọjọ́ kejì sì ni ti àwọn òkú. Àsìkò náà fúnra rẹ̀ ló ń mú kí ènìyàn rántí ikú àti àwọn tó ti lọ. Wọ́n sì ní ìwé tó bá a mu. Ní 1837, Prosper Mérimée tẹ La Vénus d'Ille jáde, ìtàn ère idẹ kan tí ọkọ ìyàwó fi òrùka bọ̀ níka, tí wọ́n sì bá ọkọ ìyàwó náà ní òkú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ní 1856, Baudelaire tẹ ìtàn Edgar Poe jáde ní èdè Faransé. Le Horla ti Maupassant tẹ̀ lé e ní 1887. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀mọ̀wé kan ní Cambridge tí à ń pè ní M. R. James a máa ka ìtàn iwin tuntun sí etí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nígbà Kérésìmesì; ó kó díẹ̀ nínú wọn jọ sínú ìwé ní 1904.

Ẹ kíyè sí ti James yìí dáadáa. Ohun tó mú kí ẹ̀rù dùn kì í ṣe kúbùsù, kì í sì í ṣe tíì. Ènìyàn ni. Ohùn ẹnì kan ń sọ, etí àwọn mìíràn ń gbọ́, èjìká kan èjìká. Ẹ wá fi í wé ọkùnrin inú Le Horla. Òun nìkan ló dá wà nínú ilé ńlá pẹ̀lú àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀. Ohun kan tí kò rí ń mu omi tó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kò sì sí ẹni tó lè finú hàn. Níkẹyìn ó tiná bọ ilé ara rẹ̀, ó gbàgbé pé àwọn ìránṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Níbo ni ohun burúkú náà ti wá? Láti Bràsíìlì ni, nínú ọkọ̀ ojú omi funfun kan tó gba odò Seine kọjá. Nígbàkigbà tí mo bá ka ibẹ̀ ní kíláàsì ní Àjàṣẹ́, àwọn ọmọ Àgùdà máa ń wo ara wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Láti Bràsíìlì ni ọkọ̀ ojú omi gbé àwọn baba ńlá tiwọn náà dé! Ohun tó jẹ́ àjèjì tó ń dẹ́rù ba ẹnì kan, ẹbí ló jẹ́ fún ẹlòmíràn. Ẹ̀rù ní ìlú tirẹ̀.

Ní 1938, ìwé méjì jáde. Ọ̀kan ni Doguicimi, tí Paul Hazoumé, ọmọ Àjàṣẹ́, kọ ní èdè Faransé. Èkejì ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, kọ ní èdè Yorùbá. Olùkọ́ ni àwọn méjèèjì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ orúkọ Hazoumé, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Fágúnwà ńkọ́? Mo bi kíláàsì mẹ́ta léèrè. Àwọn tó nawọ́ kò tó ìka ọwọ́ kan.

Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ń wá ẹ̀rù yóò rí i níbẹ̀. Àjẹ́ ni ìyá Àkàrà-ògùn. Bàbá rẹ̀ yìnbọn lu ẹranko kan, ó sì wá mọ̀ pé ìyàwó òun ni òun yìnbọn lù. Nínú igbó, ọmọ náà fúnra rẹ̀ bá Àgbákò wọ̀yá ìjà. Ẹni tó bá sì ń wá ìtura, òun náà wà níbẹ̀. Ọdẹ arúgbó náà wá bá òǹkọ̀wé nínú ilé rẹ̀, ó ní kó mú gègé àti ìwé, kó máa kọ. Nígbà tó fi máa padà wá lọ́jọ́ kejì, àwọn ará àdúgbò ti gbọ́, èrò sì ti ń pé jọ. Nínú ìtàn náà pẹ̀lú, òun nìkan ló kọ́kọ́ wọ igbó. Nígbà tí ọba rán an lọ sí Òkè Lángbòdó, òun pẹ̀lú Kàkò, Ọlọ́hùn-iyọ̀ àti àwọn akọni mìíràn ni wọ́n jọ lọ. Ní òpin ìrìn náà ni wọ́n bá Ìrágbèje onílé olójúlé méje, ọjọ́ méje ló sì fi gbà wọ́n lálejò, tó ń sọ̀rọ̀ ọgbọ́n fún wọn. Ìdí ààrò wo ló tún móoru jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Èmi fúnra mi kò sàn ju àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ. Yunifásítì ni mo ti kọ́kọ́ pàdé Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, ìyẹn nínú ìwé L'Ivrogne dans la brousse tí Raymond Queneau túmọ̀ ní 1953, ọdún kan péré lẹ́yìn tí ti Gẹ̀ẹ́sì jáde. Mo kà níbẹ̀ nípa ọmọbìnrin tó tẹ̀ lé arẹwà ọkùnrin kan kúrò lọ́jà. Bí wọ́n ti ń lọ ni ọkùnrin náà ń dá ẹ̀yà ara tó yá padà fún àwọn tó ni ín, títí ó fi ku agbárí lásán. Nígbà ìsinmi, mo sọ ọ́ fún ìyá àgbà mi lábúlé. Mi ò tíì sọ ọ́ dé ìdajì tó fi gba ìtàn náà lẹ́nu mi, tó sì parí rẹ̀. Ó ní, "O kò bi mí rí." Ìtàn tó wà ní ẹ̀yìn ilé wa ni mo jẹ́ kó gba Lọ́ńdọ̀nù àti Paris kó tó dé etí mi. Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Ìyá àgbà ti lọ báyìí, mi ò sì mọ iye ìtàn tí mi ò bi í.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní ìwé Nàìjíríà ni ìwé Fágúnwà. Nígbà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fi ọwọ́ sí ìwé ààlà ní 1889, ogun Dànhọ̀mẹ̀ ti tú Kétu ká láti 1886; ta ni wọ́n bi léèrè nínú wa? Ààlà yẹn pín ilẹ̀, kò pín àlọ́. Ó sì yà mí lẹ́nu pé ẹni tó ń pe Fágúnwà ní àjèjì kò pe Maupassant bẹ́ẹ̀ rí.

Àwọn mìíràn á ní ìwé iwin àti àjẹ́ kò yẹ ọmọ onígbàgbọ́. Onígbàgbọ́ ni Fágúnwà, ìwé rẹ̀ sì kún fún ìwàásù àti orúkọ Ọlọ́run. Àwọn Mùsùlùmí wa náà kò ní ká àjèjì níbẹ̀: láti inú èdè Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ náà "ànjọ̀nnú" ti wọ inú Yorùbá. Ohun tó yẹ kó bà wá lẹ́rù ni ọmọ tó dá jókòó ti fóònù títí di òru, tó ń wo iwin ilẹ̀ òkèèrè, tí kò sí àgbà kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àríwísí kẹta ló lágbára jù. Wọ́n á ní Yorùbá inú ìwé náà jinlẹ̀, pé àwọn ọmọ wa ń sọ èdè náà ṣùgbọ́n wọn kò lè kà á, pé ohùn Kétu, ti Ṣábẹ̀ àti ti àwọn Ifẹ̀ ní Tógò kò sì bá ti inú ìwé dọ́gba. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi ta ni? Ẹ̀bi àwa tí a gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì ni, tí a mọ ìwé é kà, tí a sì fi Faransé nìkan ṣe iṣẹ́ wa. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ohun tí mo ti sọ ṣáájú: kí a kà á sókè. Kí ẹnì kan kà, kí àwọn yòókù gbọ́, kí àgbà kan túmọ̀ ọ̀rọ̀ tó bá ta kókó. Báyìí ni etí yóò ṣe kọ́ ojú ní ìwé.

Nítorí náà, mo bẹ ẹgbẹ́ wa ní ohun kan. Àwa náà ní ìwọ́wé tiwa. Bí ọyẹ́ bá dé láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì, àràbà á wọ́wé, alẹ́ á tutù, ènìyàn á sì máa wá ìdí iná. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ya alẹ́ mẹ́ta sọ́tọ̀. Ní alẹ́ kìíní, kí a ka ìgbà èwe Àkàrà-ògùn sókè. Ní alẹ́ kejì, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan ka ìtàn arẹwà ọkùnrin ní Faransé nínú ìwé Queneau, kí àgbà kan sì pa á lálọ̀ọ́ ní Yorùbá bí ó ti gbọ́ ọ. Ẹgbẹ́ elédè méjì ṣáà ni wá. Ní alẹ́ kẹta, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ka ìtàn ẹ̀rù tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí àgbà wọn, tí wọ́n sì kọ sílẹ̀. Mo ṣetán láti bá wọn fi àmì ohùn sí i, kí ìwé ìròyìn yìí sì tẹ èyí tó bá dára jù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọmọbìnrin yẹn padà wá. Ó ti ka Le Horla tán lóru kan, kò sì lè pa iná títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo bi í pé ta ló sọ ìtàn náà fún nílé. Ó ní kò sí, pé ìyá òun kò gbọ́ Faransé. Lọ́dún yìí, ìwé tí ìyá rẹ̀ náà lè jókòó gbọ́ ni mo fẹ́ fún un.