Ọjọ́ mẹ́ta kí wàrà tó dé: ibẹ̀ ni omi ti ń wọlé sí ọmọ lẹ́nu

Láti ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń ṣe Ọ̀sẹ̀ Fífún Ọmọ Lọ́mú káàkiri àgbáyé. Ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa ń sọ nígbà náà kò ṣàjèjì sí wa ní Aguidi: ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, kò sí omi, kò sí àgbo. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n sórí. Síbẹ̀, ìwádìí tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ṣe ní ọdún 2017 sí 2018 fi hàn pé nínú àwọn ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, àwọn tó ń mu ọmú nìkan kò tó ìdajì.

Lójú tiwa, kì í ṣe oṣù kẹta tàbí ìkẹrin ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Ìyá bímọ, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ọmọ ń ké lóru. Wọ́n tẹ ọmú, ohun tó jáde kò ju ẹ̀kán díẹ̀ lọ, ó ki, ó sì pupa rúsúrúsú. Ìyá ọkọ wò ó, ó ní: "Ìyàwó mi, omi ọmú yìí ò dáa, fún un dànù. Ẹ gbé omi gbígbóná wá, ebi ń pa ọmọ."

Ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe ìkà. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n dà nù yẹn gan-an ni oúnjẹ ọmọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ohun tí ọmọ ń mu lẹ́ẹ̀kan kò ju ṣíbí kékeré kan tàbí méjì lọ. Omi ọmú àkọ́kọ́ yìí kún fún ohun tó ń bá àrùn jà, ó sì ń lé ìgbẹ́ dúdú jáde nínú ọmọ. Wàrà funfun máa ń dé láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin. Ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó ń bí àkọ́bí tàbí ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ẹnu ọmọ ló ń pè é wá. Bí ọmọ bá ti yó omi, kò ní fa ọmú dáadáa, bí kò bá fà á, wàrà á pẹ́, bí wàrà bá pẹ́, gbogbo ilé á ní, "Àbí ẹ rí i? A sọ bẹ́ẹ̀!"

Ní Kintampo lórílẹ̀-èdè Gánà, àwọn olùwádìí tẹ̀lé ọmọ tuntun tó lé ní 10,000, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2006. Ìṣirò wọn ni pé, ká ní gbogbo ọmọ ń gba ọmú láàárín wákàtí kan tí wọ́n bí wọn, nínú ikú ọmọ tuntun 100, nǹkan bí 22 ni kò ní ṣẹlẹ̀. Wákàtí kan péré, láìná fàráǹkì kan!

Ohun tí a rò ni pé ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kọ́ ni wọ́n ń bá sọ ọ́. Ìyá ọmọ ni wọ́n ń kọ́ nígbà tó wà nínú oyún, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ní àṣẹ lóru ọjọ́ kejì. Ẹ pe ìyá ọkọ náà sí ìpàdé, ẹ pe bàbá ọmọ.

Ọjà náà wà níbẹ̀. Òfin iṣẹ́ Bẹ̀nẹ̀ fún obìnrin tó ń gba owó oṣù ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 14. Ta ló fún ìyá tó ń ta gàrí ní tirẹ̀? Ẹgbẹ́ èsúsú lè jẹ́ kí ẹni tó bímọ kọ́kọ́ kó owó tirẹ̀, kó lè jókòó ti ọmọ.

Ẹ̀rù ìyá àgbà kì í kúkú ṣe asán, torí ọmọ wà tí ọmú kì í tó lóòótọ́. Ẹ gbé ọmọ sí ọmú ní ìgbà 8 sí 12 tọ̀sán-tòru, kí ẹ sì máa ka ìtọ̀ rẹ̀: ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ kìíní, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́jọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀mẹfà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ láti ọjọ́ karùn-ún. Ọmọ tí kò tọ̀, tí kò jí mu ọmú, tàbí tí ojú àti ara rẹ̀ di rúsúrúsú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lóru ọjọ́ náà, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.